Èèpo Géèmù Ọkọ Mi Nìkan Ló Jóná

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Kò pa mí, ṣùgbọ́n kò lọ sí ikùn. Ọ̀nà ọ̀fun ló dúró sí. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bá mi wí.

Ọkọ mi ní ẹ̀rí kan tó máa ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jikwoyi, ní Abùjá níbí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Ó máa ń sọ pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun mú géèmù tí òun fẹ́ràn ju ohun gbogbo lọ, òun fi í fún iná Olúwa nítorí àìsàn ìyá òun. Ó ní iná náà dá òun lóhùn, ó ń ró pá, pá, pá, òun sì mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá òun dìde.

Géèmù náà kò jóná. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni mo ń nu eruku orí rẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ọkọ mi ti ní kí n dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́, kí n jẹ́rìí pé ojú mi ló ṣe, pé ọwọ́ mi ni mo fi gbé e lọ síbi iná. Mo ti fi ìdákẹ́jẹ́ parọ́ fún ìgbà pípẹ́. N kò lè fi ẹnu mi pa á níwájú pẹpẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Karmo, ní Abùjá kan náà, ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Káfíńtà ni bàbá mi, láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti wá síbí wá ṣiṣẹ́. Ilé wa kò jìnnà sí ilé Bíọ́dún. Bíọ́dún ni mò ń pe ọkọ mi nígbà náà, kó tó di Bàbá Ìní. Bàbá tirẹ̀ ń wa tírélà, ó sì ra géèmù kan bọ̀ fún un láti Èkó, irú èyí tí wọ́n máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lórí. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ní. Àkùkọ kan ló wà nínú rẹ̀, tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn, tí ológbò ń lé e.

Géèmù náà ní àléébù. Àbúrò Bíọ́dún da ògì gbígbóná sí i lórí lọ́jọ́ kan, láti ìgbà náà ni ojú ọ̀run inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, tó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Kò sí ọmọ Karmo tí kò mọ̀ pé géèmù tí ọ̀run rẹ̀ rí bí ewé, ti Bíọ́dún ni.

Ọrùn wáyà iná rẹ̀ náà ti ṣẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ògiri kó máa tẹ̀ ẹ́ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á kú. Èmi ni wọ́n máa ń yàn.

"Obìnrin kì í gbá géèmù," ni Bíọ́dún máa ń sọ, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ wáyà dì mú tó ọ."

Mo máa ń jókòó síbẹ̀, wáyà lọ́wọ́, kí n máa yọjú wo àkùkọ láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọkùnrin á máa pariwo, "Fò! Fò! Ó ti dé ẹ̀yìn ẹ!" Bí mo bá rẹ́rìn-ín tí ọwọ́ mi sì mì pẹ́ẹ́, iná á lọ, gbogbo wọn á wá kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti pa àkùkọ wa!" N kò fọwọ́ kan pádì tí wọ́n fi ń gbá a rí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ èyí láti fi dá ara mi láre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ojúkòkòrò ti wọlé ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi níṣẹ́, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní. Bàbá kan nínú ìjọ wa ní Karmo máa ń tún rédíò ṣe, ó sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ìsìn lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi nìkan ni obìnrin ibẹ̀. Ọwọ́ mi yá, wọ́n sì fi mí sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ nígbà tí n kò tíì jáde ilé ìwé.

Nígbà tó yá, àìsàn dá Màmá Bíọ́dún dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dìde lórí ibùsùn. Wọ́n gbé e lọ ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e bọ̀. Ìjọ gba àwẹ̀. Pásítọ̀ wá kéde pé ẹnikẹ́ni tí ohun kan bá ń gba ọkàn rẹ̀ ju Ọlọ́run lọ, kí ó mú un wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, a ó sun ún.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Inú dúrọ́ọ̀mù ńlá kan la ti máa ń dáná náà. Ṣùgbọ́n nígbà kan ṣáájú, bátìrì ẹnì kan bú gbàù nínú iná, ẹyin iná sì fò lọ bá gèlè ìyá kan tó ń kọrin lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé ohunkóhun tó bá ń lo iná, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e wá fún èmi, kí n yọ bátìrì rẹ̀, kí n gé wáyà rẹ̀.

Bíọ́dún gbé géèmù náà wá nínú ìborùn ìyá rẹ̀. Kò sunkún.

"Kò ní bátìrì," ni mo sọ fún un.

"Ohun yòówù tó bá lè bú, yọ ọ́," ó ní. "N kò fẹ́ kó ba iná Olúwa jẹ́."

Mo gbé e wọ yàrá kékeré tí àwọn akọrin ti máa ń pààrọ̀ aṣọ. Mo tú sukúrù rẹ̀. Mo rí pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ibi tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà, ògì gbígbẹ ṣì wà ní igun rẹ̀ kan. Mo sọ fún ara mi pé àwọn irin wọ̀nyí lè bú. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọn kò lè bú. Mo kàn fẹ́ di pádì yẹn mú lẹ́ẹ̀kan láyé mi ni.

Mo yọ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Mo yọ ti kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo gé pádì rẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi aṣọ akọrin mi wé wọn, mo tì wọ́n sínú àpò. Nígbà tí mo gbé èèpo ike tó ṣẹ́kù, ó fúyẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tọ́. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́, mo kó o sínú rẹ̀, mo sì fi sukúrù dè é padà.

Pásítọ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí Bíọ́dún mú wá ti wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ike náà jó, èéfín dúdú bo ojú wa, Bíọ́dún gbé ọwọ́ sókè, a sì ń kọrin. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màmá jókòó fúnra rẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní ebi ń pa òun. Ìdùnnú yẹn kún gbogbo àdúgbò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ òótọ́, àìsàn náà yóò padà dé, wọn yóò sì sọ pé èmi ni mo fà á.

Ọdún gorí ọdún. Bíọ́dún wá fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ̀ mí. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní ọwọ́ tó bá òun fi ohun tí òun fẹ́ràn jù fún Ọlọ́run ni òun fẹ́ dì mú dọ́jọ́ alẹ́. Mo wo ọwọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní mo gbà.

Olúwa ṣe wá lóore. Ọkọ mi ń ta páànù ní ọjà Dei-Dei, èmi sì ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ sí Karshi. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní Dei-Dei, mo rí èèpo géèmù àtijọ́ kan láàárín pàǹtírí tí àwọn tó ń ra irin jíjẹrà kó sílẹ̀. Irú ti Bíọ́dún gan-an ni. Mo rà á, mo to pánẹ́ẹ̀lì tí mo fi pamọ́ sínú rẹ̀, mo fi irin gbígbóná jó òjé sí ojú wáyà rẹ̀, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi, mo tan án. Àkùkọ kọ. Ọ̀run yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo di pádì mú. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ológbò sì jẹ àkùkọ mi ní òrùlé àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kó géèmù àtijọ́ jọ. Àwọn tó ń ta pàǹtírí ní Dei-Dei ti mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan, wọn á ní, "Yauwa, ti màdáámù nìyí!" Màá gbé e délé, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn eruku rẹ̀, màá nu ibi tó dípẹtà, màá sá ike rẹ̀ sí òòrùn. Ògiri kan odindi ní ṣọ́ọ̀bù mi ti kún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Abùjá yìí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, máa ń wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn kan ń rà, àwọn kan kàn ń gbá a, kí wọ́n máa rántí ilé bàbá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, inú mi ń dùn síbẹ̀. N kò lè purọ́ lé èyí náà.

Ọkọ mi mọ̀ nípa wọn. Ó ní òwò ni, kò burú. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ pé òun kò ní wo géèmù mọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, títì ló sì máa ń kọjú sí. Bí ó ṣe ń wá mú mi lọ sílé tó, kò wo ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn rí. Ìdí nìyẹn tí géèmù tirẹ̀ fi lè wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò sì mọ̀.

Màmá ló mọ̀.

Láti ìgbà tí ó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ó máa ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa jẹ ẹ̀pà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tún fóònù obìnrin kan ṣe lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì fúnra rẹ̀ fa géèmù yẹn jáde, ó sì tan án. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ. Kí n tó yíjú, Màmá ti dìde.

"Ta ló gbé géèmù Bíọ́dún wá síbí?"

Irin ọwọ́ mi bọ́. "Màmá, kì í ṣe tiwọn o. Ó kàn jọ ọ́ ni."

"Ó jọ ọ́? Ìyàwó, ọ̀run mélòó lo ti rí tó rí bí ewé? Ta ló nu ògì kúrò lórí rẹ̀, ṣé kì í ṣe èmi ni?"

"Kai! Màmá, ẹ mọ géèmù?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í.

"Gbé ohun ọwọ́ ẹ wá, ìwọ ọmọ yìí. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń fò. O fẹ́ fi ẹran ọ̀sìn tọrẹ ni?"

Ó gba pádì lọ́wọ́ rẹ̀. Níṣojú mi báyìí, ìyá ọkọ mi fi àkùkọ fo òrùlé tí ọmọ báńkì kò tíì débẹ̀ rí.

Nígbà tí oníbàárà lọ tán, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dé orí òkúta. Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní láàárọ̀ ìgbà náà ní Karmo, tí àwa bá ti lọ ilé ìwé, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á gbá géèmù.

"Wáyà ńkọ́, Màmá? Ta ló ń bá yín dì í mú?"

"Òwú ìdirun ni mo fi ń so ó. Àbí ìwọ fi ọwọ́ dì í?"

Ẹ gbà mí. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ti ògiri.

Ó tún ní, "Nígbà tí Bíọ́dún wá bá mi lórí ibùsùn pé òun ti sun ún, mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Géèmù mi ni mò ń sunkún sí!"

Mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á pé àìsàn yẹn lè padà. Ó wò mí dáadáa. "Ọlọ́run tó wò mí sàn, ṣé kò rí ọ nígbà tí o ń ṣa òkúta ni? Ó rí ọ. Ó sì wò mí sàn náà. Ọkọ rẹ ni kò rí ọ. Òun ni kí o lọ bá." Ó wá mú ẹ̀pà rẹ̀ padà. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ilé tó kẹ́yìn. Mi ò dé ibẹ̀ rí kí ẹ tó gbé e lọ sun."

Bí èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe di ẹgbẹ́ nìyẹn. Bí oníbàárà bá ti dínkù, a ó tan àkùkọ. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé mo ń sún ọjọ́ ìjẹ́wọ́ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí lórí èyí pẹ̀lú.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ yìí. Díákónì ni ọkọ mi báyìí, òun ló sì ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyá Ìní, ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ yóò kó ohun tó ń gba ọkàn wọn wá síbi iná. Ìwọ ni wàá yọ bátìrì, ìwọ náà ni wàá jẹ́rìí. Ta ló tún mọ̀ ọ́n bí tìẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ́ṣẹ́ wà ní àyà rẹ̀, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Dádì sun tiwọn. Tí ẹ bá ní kí n mú un wá, màá mú un wá." Mo ní kí ó máa gbé e lọ sílé ná.

Mo wá mọ̀ pé irọ́ mi ti fẹ́ di iná ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ àná, kí ọkọ mi tó lọ sí Dei-Dei, ó ń mu tíì. Mo gbé géèmù náà sórí tábìlì, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó na ìka kan sí ike náà, ó sì fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Tíì rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Òkúta lo kó sínú rẹ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òkúta ló ń ró pá, pá yẹn?"

Mo ní òun ni. Mo retí ìbínú. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rí bí ti ọmọ Karmo tí mo mọ̀ nígbà kan.

"Ojú ọ̀run rẹ̀, ṣé ó ṣì rí bí ewé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó tó dá mi lóhùn. Ó ní ohun tí òun ní ni òun mú wá lọ́jọ́ náà, ẹ̀jẹ́ tòun ti pé. Ó ní ó dun òun pé mo jẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀ òkúta níwájú ìjọ, kì í sì í ṣe ohun tí yóò tán lára òun lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ dìde ní ọjọ́ Àìkú, òun yóò tún ẹ̀rí òun sọ bó ṣe rí gan-an, èmi náà yóò sì sọ apá tèmi. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mú nǹkan wá, kí ó mú un wá, ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó gbé e lọ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ọkọ yìí.

Mo bi í pé, "Géèmù ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti fi í fún Ọlọ́run. N kò lè gbà á padà, n kò sì lè fi í tọrẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ lo gbé e pamọ́. Ìwọ ni kí o mọ ibi tó kàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti nílò yín nìyí. Ṣé kí n gbé e sínú iná lọ́jọ́ Àìkú, kí ohun tí wọ́n fi fún Olúwa lè dé ọwọ́ Olúwa nígbẹ̀yìn? Àbí kí n fi í sílẹ̀ fún ìyá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀, ní Karmo àti ní Jikwoyi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Màmá wà lẹ́yìn mi, pádì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka ìbéèrè mi fún un. Kò gbójú kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n bá òun kí gbogbo yín, kí n sì bẹ̀ yín kí ẹ má tíì dáhùn.

Ó ku òrùlé kan.